N1: Rọ́kẹ́ẹ̀tì Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Gbéra Lẹ́ẹ̀karùn-ún

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1974, rọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ga tó mítà 105 wà ní Baikonur, ní ilẹ̀ Kazakhstan, tí wọ́n ti tò pọ̀ tán. 8L ni àmì tí wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ẹ́ńjìnnì 30 tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí àwọn mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀ gbé lọ. Tuntun ni, irú èyí tí wọ́n lè tàn wò nílẹ̀, kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì tún un tàn, kó tó di pé wọ́n dè é mọ́ ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì. Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni wọ́n fojú sí láti yìn ín. Òmíràn tí wọ́n ń pè ní 9L ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àfi bí àṣẹ ṣe dé láti Moscow pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́.

Mo ti rí àwòrán ibi tí àwọn irin náà bá ayé lọ. Róbótó ni wọ́n ṣe àgbá epo rọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó sì fẹ̀ ju ilé lọ. Wọ́n là á sí méjì, wọ́n dojú ìlàjì rẹ̀ délẹ̀ lórí òpó, ó wá di ibòji nígboro ìlú tí àwọn òṣìṣẹ́ Baikonur ń gbé. Àwọn èèyàn ń jókòó lábẹ́ rẹ̀ gbatẹ́gùn. Ojú ibi tí àwọn wẹ́dà ti jó irin náà pọ̀ ṣì hàn ketekete. Èyí tó kù di òrùlé àká, ó di òrùlé ilé ẹlẹ́dẹ̀.

N1 ni wọ́n ń pe rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí. Ìjọba Sófíẹ̀tì ṣe é kí ọmọ ilẹ̀ wọn lè fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n yìn ín, láàárín ọdún 1969 sí 1972, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì forí ṣánpọ́n kí ìpele àkọ́kọ́, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ tó ń gbé e kúrò nílẹ̀, tó parí iṣẹ́ tirẹ̀. Níléèwé, Armstrong nìkan ni wọ́n kọ́ wa. Òkìkí ọkọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà kàn dé ọ̀dọ̀ wa débi pé nígbà tí àrùn ojú pípọ́n jà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1969 kan náà, orúkọ ọkọ̀ náà làwọn èèyàn sọ ọ́, Àpólò là ń pè é títí dòní. Ti N1 kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn kàn án pàápàá kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ síta.

Pé Amẹ́ríkà ṣáájú wọn kọ́ ló ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹnì kan ní láti ṣáájú. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìmọ̀ wà nílẹ̀, òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ wà nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó dára ju ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lọ wà nílẹ̀. Ìjà àwọn àgbà àti ìkánjú kò jẹ́ kí wọ́n dán an wò nílẹ̀ kó tó gòkè. Nígbà tó sì kù díẹ̀ kó mọ̀ ọ́n fò, wọ́n pa iṣẹ́ náà.

Sergei Korolev ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òun ló darí àwọn tó gbé Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ láyé, lọ sókè lọ́dún 1957, òun náà ló darí àwọn tó gbé Yuri Gagarin, èèyàn àkọ́kọ́ tó dé òfúrufú, lọ lọ́dún 1961. Síbẹ̀, títí ó fi kú, ìwé ìròyìn ilẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Oyè iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń kọ. Ìjọba tó ń fi í ṣe àwámárìídìí yìí náà ló ti jù ú sẹ́wọ̀n lọ́dún 1938 lórí ẹ̀sùn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n fi kó o dé ibi ìwakùsà ní Kolyma, níbi tí òtútù ti ń pa èèyàn bí ẹni pa eṣinṣin. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n mú Valentin Glushko, ọ̀gá nídìí ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn méjèèjì ti mọra láti ìgbà ọ̀dọ́. Ẹ́ńjìnnì Glushko ló gbé Sputnik, òun ló gbé Gagarin. Bí èèyàn bá ń wá ẹni méjì tó yẹ kí wọ́n jọ gbé N1 dìde, àwọn gan-an ni.

Ọ̀rọ̀ epo ló tú wọn ká. Glushko ní kí wọ́n lo irú epo kẹ́míkà méjì tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti kan ara wọn báyìí, iná ti sọ, tí kò sì nílò kí wọ́n mú un tutù. Korolev ní májèlé ni, òun ò ní gbé èèyàn lé orí májèlé. Ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe àsọdùn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 1960, ní Baikonur níbẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì ológun kan tó ń lo irú epo bẹ́ẹ̀ gbiná lórí pèpéle nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣì yí i ká. Ó ju 70 èèyàn lọ tó kú, Ọ̀gágun Mitrofan Nedelin sì wà lára wọn. Kẹrosíìnì àti ọ́síjìn olómi ni Korolev fẹ́. Glushko náà kì í ṣe alágídí lásán o. Ó ti ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ńlá tó ń lo ọ́síjìn rí, ó sì mọ bí iná inú rẹ̀ ṣe máa ń gbọ̀n jìgìjìgì títí yóò fi fọ́ ẹ́ńjìnnì náà. Ó ní yóò gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rí i ṣe. Àwọn ará Amẹ́ríkà bá wàhálà kan náà jà lórí ẹ́ńjìnnì F-1 tiwọn, ojú wọn sì rí màbo kí wọ́n tó borí rẹ̀.

Bí Glushko ṣe yarí, Korolev gba Kuibyshev lọ, ìlú tí wọ́n ń pè ní Samara lóde òní, ó lọ bá Nikolai Kuznetsov. Ẹ́ńjìnnì bàlúù ni iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Àwọn tó kéré sí ohun tí Amẹ́ríkà ń ṣe ló lè ṣe láàárín àkókò tí wọ́n fún un: agbára ẹyọ kan tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 150, nígbà tí agbára ẹyọ F-1 kan tó nǹkan bíi 690. Marùn-ún ni Saturn V, rọ́kẹ́ẹ̀tì tí Amẹ́ríkà fi lọ sí òṣùpá, lò. N1 ní láti lo 30.

Nínú 30 yìí, mẹ́fà ló jẹ́ àfikún. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yàwòrán N1, ẹrù tọ́ọ̀nù 75 ni wọ́n ní kó gbé, ẹ́ńjìnnì 24 tí wọ́n tò yípo etí ìdí rẹ̀ sì tó o. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ òṣùpá wọlé ni ẹrù náà di tọ́ọ̀nù 95, wọ́n wá ki mẹ́fà sí àárín. Ẹ fi ti mẹ́fà yìí sọ́kàn.

Iṣẹ́ Kuznetsov yà mí lẹ́nu púpọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì ìgbà náà, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń yí pọ́ǹpù máa ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ó sì ṣòfò nìyẹn. Kuznetsov darí gbogbo rẹ̀ padà sínú ibi tí iná ti ń jó, kí ohunkóhun má ṣòfò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ́síjìn ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ náà, ó sì gbóná janjan. Irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ irin. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Kuibyshev wá irin tí afẹ́fẹ́ náà kò ní lè jẹ, wọ́n sì rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, NK-15, ní àléébù kan tó burú. Àwọn fáàfù inú rẹ̀ kan jẹ́ èyí tí ẹ̀tù máa ń ṣí, bí ó bá sì ti ṣí, ó parí. Bí ìṣáná ló rí: ẹni tó bá ṣá a wò láti mọ̀ bóyá ó dára ti lò ó tán. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì mẹ́fà bá ti ilé iṣẹ́ jáde, wọ́n á mú méjì nínú rẹ̀, wọ́n á tàn án nílẹ̀. Bí méjì yẹn bá ṣe dáadáa, mẹ́rin tó kù di ti rọ́kẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Gbogbo ẹ́ńjìnnì 30 tó wà nídìí N1 kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó tíì jó rí.

Ìpele àkọ́kọ́ náà lódindi kò jó rí nílẹ̀. Amẹ́ríkà kọ́ ibi ńlá sí Mississippi tí wọ́n ti ń de ìpele àkọ́kọ́ Saturn V mọ́lẹ̀ digbí, tí wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì márààrún pọ̀, tí wọ́n á rí ohun tó bá fẹ́ já kó tó já. Leonid Voskresensky, igbákejì Korolev tó ń mójú tó ìdánwò, ní kí wọ́n kọ́ irú rẹ̀. Ó jà fún un gan-an. Korolev kọ̀, ó ní owó kò sí, àkókò kò sí. Voskresensky fi ipò náà sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún Korolev ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀bi rẹ̀ ni èyí, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ bò ó. Ohun tí kò fẹ́ náwó lé lórí nílẹ̀, ojú ọ̀run ni wọ́n ti san án, wọ́n sì san án ní ìlọ́po ìlọ́po.

Òótọ́ ni pé owó kò sí. Kennedy ti kéde ìrìn-àjò òṣùpá lọ́dún 1961. Oṣù Kẹjọ 1964 ni ìjọba Sófíẹ̀tì tó pàṣẹ tiwọn, ọdún mẹ́ta gbáko lẹ́yìn. Wọ́n tún pín iṣẹ́ náà sí méjì: Vladimir Chelomei ni yóò gbé èèyàn yí òṣùpá po, Korolev ni yóò gbé e balẹ̀. Ilé iṣẹ́ méjì ń du owó kan, Glushko sì ń ṣe ẹ́ńjìnnì fún Chelomei.

Korolev kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní 1966, lórí ibùsùn iṣẹ́ abẹ, lẹ́ni ọdún 59. Àwọn tó sún mọ́ ọn sọ pé eegun àgbọ̀n rẹ̀ tí wọ́n fọ́ lẹ́wọ̀n kò jẹ́ kó rọrùn fáwọn dókítà láti ki ọ̀pá ìmí sí i lọ́fun. Oṣù kan ṣáájú ni Voskresensky ti kú. Lẹ́yìn ikú Korolev ni ìwé ìròyìn tó dárúkọ rẹ̀ fáráyé. Vasily Mishin gbapò rẹ̀. Onímọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n kò ní ohùn tí Korolev ní lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ.

Ọjọ́ 21 oṣù Kejì 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ yin N1. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní KORD ló ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ọ̀kan bá ṣàìsàn, KORD á pa á, á sì pa èyí tó dojú kọ ọ́ lódìkejì kí rọ́kẹ́ẹ̀tì má baà tẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn, ó ṣi méjì pa kó tó jìnnà rárá. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ń lọ síbẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni páìpù já nítorí gbígbọ̀n, iná sọ nídìí rẹ̀, nígbà tó sì di ìṣẹ́jú àáyá 69, KORD pa gbogbo ẹ́ńjìnnì pátá.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló le jù. Alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Keje 1969 ni, aago mọ́kànlá ti kọjá ìṣẹ́jú 18 ní Moscow. Wọ́n ti kó gbogbo èèyàn kúrò nítòsí. N1 gbéra, ó gun òkè díẹ̀, àmọ́ pọ́ǹpù ọ́síjìn ẹ́ńjìnnì kan ti bú. KORD pa 29 nínú 30. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ń jó, ẹ̀gbẹ́ kan ló sì ń tì. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó wúwo ju tọ́ọ̀nù 2,700 lọ dúró sójú òfúrufú, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá padà sórí pèpéle tó ti gbéra, tòun ti epo inú rẹ̀. Iná náà sọ alẹ́ di ọ̀sán. Gíláàsì fèrèsé fọ́ ní ibi tó jìnnà réré. Nígbà tí wọ́n tó gbà fún àwọn òṣìṣẹ́ láti jáde síta lẹ́yìn ìdajì wákàtí, epo tí kò jó ṣì ń kán sílẹ̀ láti òkè bí òjò winniwinni. Ẹnikẹ́ni kò kú, mo dúpẹ́ fún ìyẹn nígbàkígbà tí mo bá ka ìtàn náà. Ẹ̀rọ ìsálà tó wà ní orí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti já agọ́ arìnrìn-àjò gbà kúrò nínú iná, ó sì gbé e balẹ̀ láyọ̀. Bí èèyàn bá wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ì bá wà láàyè.

Ọjọ́ 13 lẹ́yìn èyí ni Apollo 11, ọkọ̀ tó gbé Armstrong lọ sí òṣùpá, gbéra ní Florida. Sátẹ́láìtì ayọ́lẹ̀wò Amẹ́ríkà ya àwòrán pèpéle tó jó náà, wọ́n sì mọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ará Moscow fúnra wọn ni kò mọ̀.

Wọ́n kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀. Wọ́n pàṣẹ fún KORD pé kò gbọdọ̀ pa ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú àáyá 50 àkọ́kọ́, kí rọ́kẹ́ẹ̀tì lè jìnnà sí pèpéle. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 1971, iná ẹ́ńjìnnì 30 tó ń tú jáde pa pọ̀ dá ìjì sílẹ̀ nídìí rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń yí i bí òòyì, àwọn ẹ̀rọ kékeré tó yẹ kó dá a dúró kò sì lágbára tó. Bí ìṣẹ́jú àáyá 50 náà ṣe kọjá, ẹ́ńjìnnì kú. Ó já, ṣùgbọ́n pèpéle yè. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá 1972, wọ́n ti fi àwọn ẹ́ńjìnnì tó ń tukọ̀ kún un, wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà tó dára sí i, ó sì fò dáadáa. Ó pé ìṣẹ́jú àáyá 90. Ìgbà yẹn ló yẹ kí ẹ́ńjìnnì mẹ́fà àárín kú, bí ìlànà ṣe là á kalẹ̀. Àwọn mẹ́fà tí wọ́n fi kún un yẹn ni. Bí wọ́n ṣe pa wọ́n lójijì, epo tó ń sáré bọ̀ nínú páìpù kò ríbi lọ, ó fi agbára padà, páìpù já, iná sọ. Ní ìṣẹ́jú àáyá 107, ó fọ́. Ó ku nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 7 kí ìpele àkọ́kọ́ parí iṣẹ́ kó sì já sílẹ̀. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì ní páìpù ló fà á, àwọn tó ṣe páìpù ní ẹ́ńjìnnì ni.

Ẹ jẹ́ ká wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin papọ̀. Kò sí àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un ṣe, ó sì ń lọ síwájú sí i. Ó dá mi lójú pé bí wọ́n bá ti de ìpele àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tàn án, páìpù tó já lọ́jọ́ kìíní ì bá já níbẹ̀, epo tó fi agbára padà ì bá ti padà níbẹ̀, wọn ì bá sì ti mọ̀.

Ọkọ̀ tó yẹ kó bá èèyàn balẹ̀ lórí òṣùpá, tí wọ́n ń pè ní LK, wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ sókè láìsí èèyàn nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín 1970 sí 1971, ó yege. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbà. Alexei Leonov, ẹni tó kọ́kọ́ jáde nínú ọkọ̀ sínú òfúrufú lọ́dún 1965, ni wọ́n ń múra sílẹ̀ fún un. Kò sí ọ̀nà inú láti ọkọ̀ ńlá sí LK. Yóò jáde síta ni, yóò rá kọjá nínú aṣọ òfúrufú, yóò wọlé, yóò sì dá nìkan sọ̀ kalẹ̀. Mo máa ń rò ó bí ìdánìkanwà yẹn ì bá ṣe rí.

Ní oṣù Karùn-ún 1974, wọ́n yọ Mishin. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni Glushko. Iṣẹ́ N1 ló kọ́kọ́ dá dúró. Lọ́dún 1976 ni ìjọba fọwọ́ sí i pé ó ti parí. Wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n ba ohun gbogbo jẹ́, àti ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà, ìjọba ń sọ fáráyé pé àwọn ò tilẹ̀ bá ẹnikẹ́ni du òṣùpá rí. Ọdún 1989 ni ìwé ìròyìn Izvestia tó tú àṣírí náà. Fún ọdún 15, àwọn tó fi ìgbà èwe wọn ṣiṣẹ́ yìí kò lè sọ fún ọmọ wọn pé, iṣẹ́ tí mo ṣe rèé.

Kuznetsov kò ba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́. Ó kó àwọn tuntun náà, NK-33, sínú ilé ìkẹ́rùsí, ó tì í. Ibẹ̀ ni wọ́n wà fún ogún ọdún. Nígbà tí ilẹ̀ Sófíẹ̀tì túká, àwọn ará Amẹ́ríkà wá wò wọ́n, ilé iṣẹ́ Aerojet sì ra nǹkan bíi 36, mílíọ̀nù dọ́là kan àti díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹrin 2013, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún òṣùpá gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì Antares kúrò ní Virginia. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 2014, ọ̀kan bú lórí Antares mìíràn, wọ́n sì yọ wọ́n kúrò nídìí rẹ̀. Irin tó ti lé ní ogójì ọdún ni o. Mi ò mọ ẹ̀rọ púpọ̀ tí èèyàn lè jí dìde lẹ́yìn irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé ẹ́ńjìnnì 30 ló pọ̀ jù, tó sì pa N1, kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ́ńjìnnì 33 ló wà nídìí Starship, rọ́kẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ SpaceX ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejì 2023, wọ́n dè é mọ́ pèpéle, wọ́n tàn án, 31 sì jó pa pọ̀. Nígbà tó fò ní oṣù Kẹrin, ó bú lójú gbogbo ayé. Wọ́n gbà fún ilé iṣẹ́ náà láti tún un ṣe, àti láti tún un ṣe. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá 2024, ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ padà wá sí pèpéle, ilé-ìṣọ́ sì fọwọ́ gbá a mú. Irú ààyè yẹn ni 8L kò rí.

Glushko lọ kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tirẹ̀, Energia. Ilé ńlá tí wọ́n ti tò N1 ni wọ́n ti tò ó. Ní oṣù Kọkànlá 1988, ó gbé ọkọ̀ òfúrufú Buran gòkè láti orí ọ̀kan nínú pèpéle N1, ó sì yege. Ẹ́ńjìnnì RD-170 tí Glushko ṣe fún un, èyí tó lágbára jù lọ láyé nígbà náà, kẹrosíìnì àti ọ́síjìn olómi ló ń jó.